Oyún Tí A Kò Ka Ọjọ́ Rẹ̀

Láti Iléṣà, Ìbòkun àti Ẹ̀sà-Òkè ni ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti àgbẹ̀bí ti wá sí Òṣogbo láàárọ̀ yìí. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, pàápàá lórí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún aboyún kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú rẹ̀ lè tètè gbó. Wọ́n tún ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí n má fi gẹ̀ẹ́sì bo ibi tí kò bá yé mi mọ́lẹ̀. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo ń lọ. Abẹ́rẹ́ yìí ń gba ọmọ là, màá sì sọ iye tó ń gbà là fún yín. Abẹ́rẹ́ kan náà ti ṣe ìpalára níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn obìnrin láìmọ ọjọ́ orí oyún wọn. Ohun tó ya èkíní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò sí nínú ìgò oògùn. Ọwọ́ tiwa ló wà: bí a ṣe ń ka oṣù, ìgbà tí a ń lọ forúkọ oyún sílẹ̀, ibi tí a ń bímọ sí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Jacqueline Kennedy, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, bí ọmọkùnrin kan nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ààbọ̀ kí oṣù rẹ̀ pé. Patrick ni wọ́n sọ ọ́. Ó wọn kílò méjì àti díẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston, àwọn àgbà oníṣègùn dúró tì í tọ̀sán-tòru. Ó kú ní ọjọ́ 9. Bàbá rẹ̀ ní àṣẹ lórí ọmọ ogun tó lágbára jù láyé, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí ẹ̀dọ̀fóró tí kò tíì gbó.

Inú ẹ̀dọ̀fóró kún fún àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ní èròjà yíyọ̀ kan tó bo inú àwọn àpò náà, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá mí síta. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ní i tó. Gbogbo ìgbà tó bá mí síta ni àwọn àpò yẹn ń pa dé, tí ẹ̀gbẹ́ wọn ń lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀rá tí omi kán sí nínú, àfi kí ó tún fi agbára ṣí wọn kó tó lè mí ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí mọ̀ ọ́n: imú á máa fẹ̀, egungun ìhà á máa wọlé, ọmọ á máa kùn bí ẹni tó ń kérora. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ kò sí. Agbára tí yóò fi fà á wọlé ló ń tán. Ọdún 1959 ni Mary Ellen Avery, dókítà obìnrin kan ní Boston, fi hàn pé àìtó èròjà yìí ló fa àìsàn náà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ikú Patrick nìyẹn. Wọ́n ti mọ ohun tó ń pa ọmọ. Wọn kò tíì mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i.

Ẹni tó rí ọ̀nà àbáyọ kò tilẹ̀ wá a lọ. Graham Liggins, dókítà kan ní Auckland ní orílẹ̀-èdè New Zealand, ohun tó ń mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ni ó ń wádìí. Àgùntàn ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fún ọmọ inú àgùntàn ní oògùn tó jọ èròjà tí ara ọmọ fúnra rẹ̀ ń pèsè nígbà tí oṣù bá ń pé lọ, ìyá àgùntàn á sì bí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àgùntàn yẹn tètè dé jù, ó yẹ kó ti kú, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá gbé e sọnù kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Liggins béèrè ìdí tí ó fi ń mí. Òun àti Ross Howie, dókítà ọmọdé, wá fún àwọn aboyún tí ìrọbí òjijì mú ní oògùn betamethasone. Àwọn ìyá 282 ni wọ́n kó jọ fún ìwádìí náà. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 1972, lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìròtẹ́lẹ̀, nǹkan bí 15 nínú 100 ló kú ní kùtùkùtù láàárín àwọn tí ìyá wọn kò gba oògùn. Láàárín àwọn tí ìyá wọn gbà á, nǹkan bí 3 nínú 100 ni.

Ẹ rò pé gbogbo ayé á sáré gbà á? Ó lé ní ogún ọdún kí ó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ọdún 1994 ni àwọn ọ̀mọ̀ràn tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà pè jọ tó sọ ọ́ gbangba pé kí àwọn dókítà máa fún àwọn aboyún. Àmì tí ẹgbẹ́ Cochrane, àwọn tó ń kó èsì ìwádìí jọ láti fi wé ara wọn, ń lò títí dòní, àwòrán èsì àwọn ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n yà síbẹ̀, kí ó lè máa rán àwọn oníṣègùn létí àwọn ọmọ tó kú nígbà tí èsì ti wà nílẹ̀. Èmi fẹ́ràn pé wọ́n yà á síbẹ̀.

Nígbà tó wá di pé gbogbo ayé gbà, wọ́n gbà á ju bó ṣe yẹ lọ.

Oògùn náà kò wọ́n. Dexamethasone, àbúrò betamethasone, wà ní gbogbo kẹ́míìsì. Ẹ̀mí ọmọ sì ń ṣòfò ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa: nínú iye ọmọ àìpéoṣù tí wọ́n ń bí lọ́dún kan, Nàìjíríà ló ṣe ìkẹta láyé, àwa tí a kò ṣe ìkẹta nínú iye ènìyàn. Àwọn olùwádìí rò pé bí oògùn bá dé abúlé, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kékeré bá lè gún un, ọmọ á máa yè. Wọ́n lọ dán an wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Argentina, Guatemala, India, Kenya, Pakistan àti Zambia. Fernando Althabe, ọmọ Argentina, ló ṣáájú wọn. Ìbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 ni wọ́n tẹ̀ lé láti 2011 sí 2014. Níbi tí ìyá kò bá mọ ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, téèpù ni wọ́n fi ń wọn bí ikùn ṣe ga sí, kí wọ́n lè fojú díwọ̀n oṣù oyún.

Èsì náà bọ́ sóde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ní àwọn àdúgbò tí wọ́n ti ń fún wọn ní abẹ́rẹ́, ọmọ 27.4 nínú 1,000 ló kú kó tó pé ọjọ́ 28. Ní àwọn àdúgbò tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, 23.9 ni. Ikú lọ sókè. Àwọn ìyá tí wọ́n fura sí pé kòkòrò àrùn wọ̀ lára náà pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ tó kéré jù lọ, tí wọ́n torí wọn gbé oògùn wá, kò sì tún rí àǹfààní kan tó hàn gbangba nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro púpọ̀ láti lóye. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó gba abẹ́rẹ́ ni oṣù wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tàbí tí wọn kò tíì fẹ́ bí rárá. Ọmọ wọn kò nílò oògùn. Oògùn tó ń dín agbára ara láti gbógun ti àrùn kù ni, ó sì wọ ara ìyá àti ara ọmọ tí kò ní àǹfààní kankan láti fi san án padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí oyún wọn kéré nítòótọ́ bímọ sí ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, tí kò sí ẹni tí yóò mú ọmọ móoru.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Iyèméjì gba gbogbo ayé: ṣé oògùn àwọn olówó lásán ni? Ṣé kí a dáwọ́ dúró? Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu láti dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé ìwòsàn tó tó nǹkan. Olùfẹ́mi Ọládàpọ̀, dókítà ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ náà, wà lára àwọn aṣáájú. Bangladesh, India, Kenya, Pakistan àti Nàìjíríà ni wọ́n mú. Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà Ìbàdàn àti àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ kan náà tí Wesley Guild Hospital ti Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀ ni mò ń wí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó mọ́ nìyẹn. Lórí ọ̀nà tí ẹ gbà wá lónìí ni.

Ìwádìí náà le koko lórí ẹni tí wọ́n máa gbà wọlé. Oyún gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀sẹ̀ 26 àti ìparí ọ̀sẹ̀ 33, sikáànù gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Dókítà gbọ́dọ̀ rí i pé obìnrin náà yóò bí láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tí àmì àrùn tó le bá hàn lára rẹ̀, wọn kò gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gún un ní dexamethasone mílígíráàmù mẹ́fà ní wákàtí méjìlá-méjìlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn ìyá 2,852 ni wọ́n kó wọlé. Ní 2020, èsì jáde: nínú àwọn tó gba omi lásán, ọmọ 23.5 nínú 100 ló kú láàárín oṣù àkọ́kọ́. Nínú àwọn tó gba oògùn, 19.6 ni. Bí ẹ bá fún ìyá 25 ní abẹ́rẹ́ yìí, ọmọ kan tí ì bá kú á yè. Àrùn lára àwọn ìyá kò pọ̀ sí i rárá. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró kó tó parí, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ ti hàn débi pé kò dára mọ́ láti máa fún àwọn kan ní omi lásán.

Oògùn kan náà ni o, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, India, Kenya àti Pakistan, tilẹ̀ wà nínú ìwádìí méjèèjì. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n mọ ọjọ́ orí oyún, wọ́n mọ̀ pé ìbí ti súnmọ́, ibi ìtọ́jú sì wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi so ìmọ̀ràn rẹ̀ mọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí: kí oyún wà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 àti 34, kí ọjọ́ orí rẹ̀ dájú, kí ìbí láàárín ọjọ́ méje sì jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe gidi, kí àmì àrùn má sí, kí ibẹ̀ lè gbẹ̀bí dáadáa, kí wọ́n sì lè tọ́jú ọmọ kékeré. Èyí tí a máa ń fò kọjá nínú wọn ni ọjọ́ orí oyún. Òun ni mo sì fẹ́ kí a jókòó lé lórí.

Ẹ ó ti gbọ́ ọ rí pé ọmọ oṣù méje máa ń yè, ti oṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Kì í ṣe àwa nìkan là ń sọ ọ́. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì ayé àtijọ́, nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi sí orúkọ Hippocrates, kọ odindi ìwé kan lórí ọmọ oṣù mẹ́jọ. Irọ́ ni. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ nínú sí, bẹ́ẹ̀ ni yíyè rẹ̀ ń rọrùn sí. Èmi gbà pé àìmọ oṣù kà ló bí ọ̀rọ̀ náà: ọmọ tó lágbára dé, ọkọ tàbí ìyá ọkọ ṣírò rẹ̀ ní oṣù méje, ó sì lè jẹ́ pé oṣù rẹ̀ ti pé pátápátá. Nínú ilé ẹlòmíràn, ìṣirò yẹn tilẹ̀ bo àṣírí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, àwọn bàbá wà níbí.

Àmọ́ ẹ wo bí ó ṣe kan abẹ́rẹ́. Bí obìnrin bá sọ pé oyún òun jẹ́ oṣù méje, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 28, ó lè jẹ́ 31, bó bá ṣì í kà díẹ̀ ó lè jẹ́ 35. Ní 28, abẹ́rẹ́ yìí lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ikú àti ìyè. Ní 35, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Sikáànù tí wọ́n bá ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣìnà ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n bá ṣe nígbà tí ikùn ti yọ tán lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣìnà, nítorí pé bí ọmọ ṣe tóbi ni ẹ̀rọ ń wò, ọmọ kan á sì tóbi ju èkejì lọ láìjẹ́ pé ó dàgbà jù ú lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn ní oṣù keje ti sọ àǹfààní yẹn nù, owó kò lè rà á padà.

Kí ló dé tí a fi ń pẹ́? Owó wà níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: a kì í kéde oyún. Ìyá wa kọ́ wa pé kí oyún fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ayé má baà gbọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń tọrọ kéré sí ìkéde. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, kí ó kọ ọjọ́ sí káàdì, kí ẹ sì máa bá àṣírí yín lọ. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ á béèrè pé: ṣé ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé a ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀? Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń mú wa súnmọ́ òótọ́.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tilẹ̀ ti kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ kan lórí káàdì. Ní 1956, David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ó ń wọn wọ́n, ó sì ń fi ìlà ya bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò tọ́jú ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ló fi í sí. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù, àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù. Láti ibẹ̀ ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí ìyá Ìmẹ̀sí bá lè tọ́jú ìwé ìwọ̀n ọmọ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, kò sí ìdí tí ìyá òde òní kò fi lè tọ́jú ọjọ́ oyún rẹ̀, pàápàá nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ tó lè fi ya fọ́tò rẹ̀.

Mímọ ọjọ́ orí oyún jẹ́ ìdajì. Ìdajì kejì ni mímọ ẹni tí yóò bí láìpẹ́, ìyẹn sì le ju bí ó ṣe rí lọ. Nínú àwọn obìnrin tó bá wá pẹ̀lú inú rírun tí dókítà sì gbà pé ìrọbí òjijì ni, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá tó ń bí láàárín ọjọ́ méje. Ìyókù á sinmi, ìrora á lọ, oyún á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Àmọ́ abẹ́rẹ́ yìí máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí ọmọ bá dé láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n gún un. Bí wọ́n bá gún un ní kíá torí ìbẹ̀rù, tí ọmọ wá dúró oṣù méjì sí i, ọmọ náà ti gba oògùn tí kò nílò.

Àmì tó lágbára jù ni ìtàn obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti bí ọmọ àìpéoṣù rí lè tún bí i. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ àárọ̀ ni ẹ bí i fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọrùn ilé ọmọ: bí wọ́n bá fi sikáànù ojú ara wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24, tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ewu wà, oògùn progesterone sì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹlòmíràn, wọ́n máa fi òwú rán ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ pa. Dókítà Shirodkar ní India ló ṣe é ní 1955, Dókítà McDonald ní Australia ṣe tirẹ̀ ní 1957. Àwọn bàbá wa tó ń de oyún kò gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì rí, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni wọ́n dojú kọ: obìnrin tí oyún rẹ̀ ń jábọ́ ní oṣù karùn-ún, ìkẹfà, láìrí ìrora gidi. Iye obìnrin tí wọ́n ti pè ní ọlọ́mọ àbíkú, tó jẹ́ pé ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ ni kò lágbára, ó ṣeé ṣe kó pọ̀. Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń fi òwú gba omi ojú ara fún. Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ jù ni "rárá": bó bá ní kò sí nǹkan, ẹ máa lọ sílé, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní nǹkan wà, a kò lè gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbejì ńkọ́? Yorùbá ló ń bí ìbejì jù láyé. Ìwádìí Nylander ní Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 rí nǹkan bí ìbejì 45 nínú ìbí 1,000. Ó lé ní ìdajì ìbejì tí kì í dúró kí oṣù wọn pé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan wa ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ewu rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ìyá tí oyún wọn wà láàárín ọ̀sẹ̀ 34 sí 36 ní betamethasone. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Èémí àwọn ọmọ dára díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lára ọmọ 24 nínú 100, nígbà tí ó jẹ́ 15 láàárín àwọn tí kò gbà á. Ọmọ tí súgà rẹ̀ wálẹ̀ lè má ké. Ó máa ń dákẹ́ ni, ó máa ń gbọ̀n, kò ní mu ọmú, ìyá àgbà á sì ní ọmọ náà jẹ́jẹ́. Ìyá tó ní àtọ̀gbẹ ńkọ́? Súgà tirẹ̀ máa ń fò sókè lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kò yẹ kí wọ́n gún un níbi tí wọn kò ti lè máa wò ó.

Ní Finland, wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó lé ní 670,000. Nínú àwọn tí oṣù wọn pé nígbà tí wọ́n bí wọn, nǹkan bí 9 nínú 100 lára àwọn tí ìyá wọn ti gba abẹ́rẹ́ ló ní ìṣòro ọpọlọ tàbí ìwà tí dókítà kọ sílẹ̀. Lára àwọn tí ìyá wọn kò gbà á, nǹkan bí 6 ni. Àkọsílẹ̀ lásán nìyẹn, kò fi hàn pé oògùn ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ohun tó mú ìyá dé ilé ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùwádìí mìíràn ṣe sọ ní 2023 pé nǹkan bí 40 nínú 100 ọmọ tó gbà á ní kùtùkùtù ni oṣù wọn pé kí wọ́n tó bí wọn, ìbéèrè náà kò ṣeé tì sẹ́yìn. Gígún un léraléra náà máa ń dín ìwọ̀n ọmọ kù. Lódìkejì, wọ́n tún wá àwọn ọmọ Auckland, tí Liggins àti Howie tọ́jú, nígbà tí wọ́n pé ọgbọ̀n ọdún: ara wọn le, ohun tó yàtọ̀ kò ju bí ara wọn ṣe ń lo súgà díẹ̀. Fún ọmọ tó nílò rẹ̀, mo rò pé ìdájọ́ ti délẹ̀. Ìjà ìyókù wà lórí àwọn tí kò nílò rẹ̀.

Nítorí náà inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ní kẹ́míìsì ń gún aboyún ní Dexa "kí ọmọ lè gbó dáadáa." Dexa yẹn kan náà ni àwọn ọmọbìnrin ń gbé mì kí wọ́n lè sanra. Ó rọrùn láti rí, kò sì wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń rò pé ohun tí kò wọ́n kò lè pani lára.

Ní ti ibi ìbímọ, mo mọ̀ pé mo ń sọ̀rọ̀ nítòsí Iléṣà, níbi tí ìsọjí Bàbá Babalọlá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1930, tí ilé àgbẹ̀bí àwọn ìjọ sì wà káàkiri. Àwọn ìyá àgbẹ̀bí wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ tí ìjọba kò ráyè ṣe. N kò wá láti lé wọn. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ wọ́n: bí omi bá já lára obìnrin tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú ń run ún tó ń wá tó ń lọ, kí wọ́n gbé e lọ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀. Inú ìyá ni ó dára jù láti fi gbé ọmọ kékeré rìn láti Ìbòkun dé Òṣogbo. Ọmọ tí wọ́n bá ti bí, tí wọ́n wá dì sínú aṣọ lórí ọ̀kadà lóru, òtútù á ti ṣe é kó tó dé.

Bó bá wá dé ilé ìwòsàn, tí ínkúbétọ̀ kò sí tàbí tí iná lọ, àyà ìyá ṣì wà. Ìwádìí mìíràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí Ilé-Ifẹ̀ tún wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Ghana, India, Malawi àti Tanzania, fi hàn ní 2021 pé bí wọ́n bá gbé ọmọ kékeré lé ìyá láyà, ara sí ara, kété tí wọ́n bí i, láìdúró kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ikú dín kù láti nǹkan bí 16 nínú 100 sí 12. Bí ìyá bá rẹ̀, bàbá lè gbé e. Ìyá ọkọ náà lè gbé e.

Mo ti sọ tèmi. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ti àwọn ilé ìwòsàn kékeré wá ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gba makirofóònù, nítorí pé ohun kan wà tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún ìyá ní abẹ́rẹ́, tí ọmọ dé ní agogo méjì òru, ta ni ó ń wọn súgà ọmọ náà, ṣé ẹ̀rọ tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n sì wà lọ́wọ́ yín?